HUBERT HARRISON, OLÙKỌ́ TÍ Ó FI OJÚ PÓPÓ ṢE ILÉ-ÌWÉ

Ẹ̀kọ́ Kẹtàlá

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, nínú ẹ̀kọ́ yìí a ó ka ìtàn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hubert Harrison. Kì í ṣe ọba. Kì í ṣe olówó. Kò lọ sí yunifásítì rí. Iṣẹ́ ni ó ń ṣe ní ọ̀sán, alẹ́ ni ó ń lọ sí ilé-ìwé, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń ṣe. Síbẹ̀ ó di ẹni tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń dúró lójú títì láti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ ka ìtàn náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ẹ bá kan ọ̀rọ̀ tí ó le, ẹ wo ìparí ẹ̀kọ́ yìí. A ti túmọ̀ rẹ̀ síbẹ̀. Bí ẹ ti ń kà á, ẹ fi ìbéèrè kan sí ọkàn yín: bí ènìyàn bá ti mọ ìwé kà tán, kí ni ó yẹ kí ó fi ìwé náà ṣe?

1. Erékùṣù tí wọ́n bí i sí

Ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1883 ni wọ́n bí Hubert Harrison ní erékùṣù St. Croix. Erékùṣù náà wà nínú Òkun Kàríbíà, láàárín Amẹ́ríkà ti Àríwá àti Amẹ́ríkà ti Gúúsù. Ní ayé ìgbà náà, Dẹ́ńmáàkì, orílẹ̀-èdè òyìnbó kan ní Yúróòpù, ni ó ń ṣe ìjọba lé e lórí.

Báwo ni ènìyàn dúdú ṣe dé ibẹ̀? Òwò ẹrú ni. Àwọn òyìnbó ra ènìyàn ní etíkun ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀, wọ́n sì fi wọ́n ṣiṣẹ́ nínú oko ìrèké. Nígbà tí ó di ọdún 1848, àwọn ẹrú St. Croix kò gbà mọ́. Wọ́n kóra jọ lọ́pọ̀lọpọ̀, wọ́n wọ ìlú Frederiksted, wọ́n ní òmìnira ni àwọn fẹ́. Gómìnà rí i pé apá òun kò ká wọn. Ní ọjọ́ 3 oṣù keje ọdún náà, ó kéde pé gbogbo ẹrú ti di òmìnira.

Ṣùgbọ́n òmìnira ẹnu lásán ni. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ṣe òfin tuntun tí ó de òṣìṣẹ́ mọ́ oko fún ọdún kan gbáko. Ẹni tí ó bá ti wọ inú àdéhùn kò lè kúrò títí ọdún yóò fi yí po. Ọ̀yà wọn kò sì tó nǹkan. Ní ọdún 1878, inú wọn ru. Wọ́n dáná sun ọ̀pọ̀ oko ìrèké. Àwọn obìnrin wà lára àwọn tí ó ṣíwájú ìjà náà. Ọ̀kan nínú wọn ni Mary Thomas, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Ọbabìnrin Mary títí di òní.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn iná yìí ni wọ́n bí Hubert. Nítorí náà, àwọn tí ó tọ́ ọ dàgbà jẹ́ ènìyàn tí ó mọ̀ pé a kì í fi òmìnira ta ènìyàn lọ́rẹ. Ńṣe ni a ń béèrè fún un. Cecilia Haines ni orúkọ ìyá rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ni, láti erékùṣù Barbados ni ó sì ti wá. Kò ní owó, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn ìwé. Àwọn àgbà a máa wí pé, ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ni ó ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú.

Kò pẹ́ tí ìyá náà kú. Ní ọdún 1900, Hubert wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí New York ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni ó lọ bá. Ọmọ ọdún 17 ni, ó sì ti di ọmọ òrukàn.

2. Iṣẹ́ ọ̀sán, ìwé alẹ́

New York tóbi, ó sì lówó. Ṣùgbọ́n Hubert bá ohun tí kò rí rí pàdé níbẹ̀. Òṣì wà ní St. Croix lóòótọ́, ìnilára sì wà. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, àwọn èrò a máa gbá ènìyàn dúdú mú ní ọ̀sán gangan, wọn a sì so ó kọ́ sórí igi láìsí ìdájọ́, láìsí adájọ́. Òfin ti fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀ láti ọdún 1865. Ní ọdún 1868 àti 1870, wọ́n fi kún òfin ilẹ̀ náà pé ẹni tí a bá bí síbẹ̀ ti di ọmọ onílẹ̀, àti pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ torí àwọ̀ ara gba ìbò lọ́wọ́ ọkùnrin. Ṣùgbọ́n ní ìhà gúúsù, orí ìwé ni òfin náà jókòó sí. Ní New York pàápàá, ní oṣù kẹjọ ọdún 1900 kan náà, àwọn èrò òyìnbó lu ènìyàn dúdú ní ìgboro, àwọn ọlọ́pàá sì bá wọn lù wọ́n.

Iṣẹ́ wo ni Hubert rí ṣe? Iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn kò fẹ́. Ó ru ẹrù àlejò ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ó ṣe ìránṣẹ́. Ó wa ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn lọ sókè sódò nínú ilé alájà púpọ̀. Owó náà kéré, ìdúró náà sì pẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti di alẹ́, ilé-ìwé alẹ́ ni ẹ ó ti bá a. Níbẹ̀ ni ó ti ka ìwé mẹ́wàá tán, tí ó sì yege dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ṣe ń kàwé, nítorí ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún wa. Èkíní, kì í dá nìkan kà á kó mọ sí ọkàn rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ dúdú ní ẹgbẹ́ ìjíròrò ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Benedict àti St. Mark. Wọn a pàdé, ẹnì kan a sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn a ta kò ó, wọn a sì jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Harrison kì í jìnnà síbẹ̀. Èkejì, bí ó bá rí ọ̀rọ̀ tí ó ṣe pàtàkì nínú ìwé ìròyìn, a gé e, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé ńlá kan kí ó má baà sọnù. Ẹ̀kẹta, ó ní ìwé kan tí ó ń kọ ohun ojoojúmọ́ rẹ̀ sí. Ẹni tí ó bá ń kọ ohun tí ó ń rò sílẹ̀, yóò mọ̀ bí òun bá ń yí ọ̀rọ̀ padà.

Ní ọdún 1907, ó rí iṣẹ́ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ìjọba. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kéré èyí o! Ní ayé ìgbà náà, ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí ó dára jù tí ọwọ́ ènìyàn dúdú lè tẹ̀ ní New York ni. Owó oṣù kì í yẹ̀. Ní ọdún 1909, ó fẹ́ ìyàwó, Irene Louise Horton. Nígbà tí ó yá, ọmọbìnrin mẹ́rin àti ọmọkùnrin kan ni wọ́n bí.

Bí a bá fẹ́ ka ìtàn náà dúró síbí, ìtàn rere ni. Ọmọ òrukàn kàwé, ó ríṣẹ́, ó fẹ́yàwó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun tí ìwé wà fún nìyẹn. Ṣùgbọ́n ibí gan-an ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀.

3. Lẹ́tà méjì

Ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù láàárín àwọn ènìyàn dúdú ní Amẹ́ríkà nígbà náà ni Booker T. Washington. Kì í ṣe ènìyàn yẹpẹrẹ. Wọ́n bí i sí oko ẹrú, ó jà fitafita kí ó tó kàwé, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ Tuskegee sílẹ̀ ní ọdún 1881. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ dúdú ti kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, iṣẹ́ bíríkì àti iṣẹ́ àgbẹ̀. Àwọn òyìnbó alágbára fọkàn tán an. Bí ìjọba bá sì fẹ́ fún ènìyàn dúdú ní iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi Washington.

Ní ọdún 1910, Washington lọ sí Yúróòpù. Ó sọ fún àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì pé nǹkan ń sàn fún ènìyàn dúdú ní Amẹ́ríkà. Ìròyìn náà dé New York, Harrison sì kà á.

Kí ni ẹ rò pé ó ṣe? Òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Ó ní aya, ó ní ọmọ. Ó lè ṣe ìwé ìròyìn náà pọ́, kí ó sì lọ sùn. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ó mọ̀ pé wọ́n ṣì ń so ènìyàn kọ́ sórí igi. Ó mọ̀ pé wọ́n ti gba ìbò lọ́wọ́ àwọn ènìyàn dúdú ní gúúsù. Ó mú gègé, ó kọ lẹ́tà méjì sí ìwé ìròyìn New York Sun ní oṣù kejìlá ọdún náà, ó sì fọwọ́ sí wọn. Kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé, ẹni tí ìyà ń jẹ kò gbọdọ̀ sọ pé ara òun le. Kí ó máa sọ ìyà náà títí wọn yóò fi gbọ́ ni ọ̀nà àbáyọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ Washington ka lẹ́tà náà. Inú bí wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Charles Anderson, ènìyàn dúdú tí ó di ipò ńlá mú nínú iṣẹ́ ìjọba ní New York, gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ. Kí ọdún 1911 tó parí, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Harrison.

Àwọn Yorùbá ní, òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Láti ọjọ́ náà títí tí ó fi kú, Harrison kò tún rí iṣẹ́ tí ó fìdí múlẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìgbà mìíràn wà tí owó ilé a dá gbèsè sí i lọ́rùn. Irene àti àwọn ọmọ jẹ nínú ìyà náà.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé, "Ṣé ó gbọ́n báyìí? Kí ló dé tí kò dákẹ́ nítorí oúnjẹ ọmọ rẹ̀?" Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ẹni tí kò bá tíì wo ojú ọmọ tí ebi ń pa ni yóò sọ pé ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo apá kejì pẹ̀lú. Bí gbogbo ẹni tí ó mọ ìwé kà bá ń dákẹ́ nítorí oúnjẹ, ta ni yóò sọ̀rọ̀ fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kà? Èmi kò ní dá ẹjọ́ náà fún yín. Ẹ bá ara yín sọ ọ́ nínú kíláàsì.

4. Lórí àpótí, ní ìkóríta

Lẹ́yìn tí iṣẹ́ bọ́, Harrison bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́ fún Ẹgbẹ́ Sósíálísì. Ẹgbẹ́ òṣèlú ni. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá di ti gbogbo ènìyàn, kí òṣìṣẹ́ sì jẹ èrè làálàá rẹ̀. Harrison di agbọ̀rọ̀sọ wọn. Ní ọdún 1912, ó dúró ní òpópó Broad Street, níwájú ilé tí àwọn ọlọ́rọ̀ New York ti ń ra ìpín ilé-iṣẹ́ tí wọ́n sì ń tà á, ó sì sọ̀rọ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Ní ọdún 1913, nígbà tí àwọn tí ń hun aṣọ sílíìkì ní ìlú Paterson yanṣẹ́ lódì, Harrison lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ìṣírí. Ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà jẹ́ òyìnbó. Kò wo ti àwọ̀. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń rẹ́ jẹ ni ó rí.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí i. Ẹnu wọn ni wọ́n fi ń sọ pé gbogbo òṣìṣẹ́ jẹ́ ọ̀kan. Ní gúúsù, wọ́n gbà kí ẹ̀ka ti òyìnbó wà lọ́tọ̀, kí ti ènìyàn dúdú wà lọ́tọ̀. Àwọn kan nínú àwọn aṣíwájú wọn sì kà á sí pé ìran òyìnbó ni ó gbọdọ̀ ṣáájú. Harrison sọ èyí lójú wọn, kò sì fi bò. Ní ọdún 1914, ó fi wọ́n sílẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ó ti ń sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé: Ìran wa ná. Ẹ má ṣì í gbọ́. Kò sọ pé kí wọ́n kórìíra òyìnbó. Ohun tí ó ń sọ ni pé, níwọ̀n ìgbà tí àwọn yòókù ti ń gbèjà ìran tiwọn, ènìyàn dúdú kò gbọdọ̀ jókòó kí ó máa retí pé ẹlòmíràn ni yóò gbèjà òun.

Ó wá gbé ilé-ìwé rẹ̀ lọ sí Harlem. Ní ayé ìgbà náà, Harlem ni àdúgbò tí àwọn ènìyàn dúdú pọ̀ sí jù ní New York. Ilé-ìwé wo ni? Àpótí kan ni, tàbí àtẹ̀gùn kékeré, tí ó gbé sí ìkóríta Lenox Avenue àti òpópó 135. A gun orí rẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹni tí ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ a dúró díẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ra ẹran a gbàgbé ẹran. Bí ó bá ṣe díẹ̀, èrò a dí ọ̀nà.

Kí ni ó ń kọ́ wọn? Ó sọ ìtàn àwọn ìjọba ńlá tí ó ti wà ní ilẹ̀ Áfíríkà rí. Ó sọ bí owó ilé ṣe ń gòkè tí owó ọ̀yà sì jókòó sójú kan. Ó sọ̀rọ̀ lórí sáyẹ́ǹsì, lórí òṣèlú, lórí ìwé tuntun tí ó jáde. Kì í lo ọ̀rọ̀ ńlá láti fi dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Bí ó bá sọ̀rọ̀ tán, ó a máa ta ìwé fún àwọn tí ó fẹ́ lọ kà sí i nílé. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ kíyè sí èyí: kò dúró de ìgbà tí ìjọba yóò kọ́lé fún un, kò sì ní bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo.

Nínú àwọn tí ó ń dúró gbọ́ ọ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ A. Philip Randolph. Randolph yìí ni ó wá di aṣíwájú ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ dúdú tí ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin. Òun ni ó pe Harrison ní baba gbogbo àwọn ajìjàgbara Harlem.

5. Ìwé ìròyìn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ohùn

Ní oṣù kẹrin ọdún 1917, Amẹ́ríkà wọ ogun àgbáyé kìíní. Ààrẹ wọn ní àwọn ń jà kí ìjọba àwọn ará ìlú lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní gbogbo ayé. Harrison béèrè pé: ṣé ilé kò ha yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, ó pe ìpàdé sí ṣọ́ọ̀ṣì Bethel ní Harlem. Èrò kún ibẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti dá Ẹgbẹ́ Òmìnira sílẹ̀. Ohun tí wọ́n béèrè kò ju kí ìjọba pa òfin tirẹ̀ mọ́: kí ènìyàn dúdú dìbò, kí òfin dáàbò bò ó, kí ìjọba àpapọ̀ sì ṣe òfin tí yóò fìyà jẹ ẹni tí ó bá pa ènìyàn láìsí ìdájọ́. Ní ìpàdé yìí kan náà, Harrison pe àlejò kan sórí pèpéle pé kí ó sọ̀rọ̀. Ọmọ Jàmáíkà ni àlejò náà, kò tíì gbajúmọ̀. Marcus Garvey ni orúkọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 4 oṣù keje, ìwé ìròyìn Harrison jáde. The Voice ni ó pè é, èyí tí í ṣe Ohùn. Ọjọ́ méjì ṣáájú, ohun búburú ti ṣẹlẹ̀ ní ìlú East St. Louis. Àwọn èrò òyìnbó dojú kọ àwọn ènìyàn dúdú tí ó wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sun ilé wọn, wọ́n sì pa wọ́n. Òkú ènìyàn dúdú 39 ni ìjọba kà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Harrison kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní bí ìjọba kò bá lè dáàbò bo ènìyàn, ẹni náà ní ẹ̀tọ́ láti gbèjà ẹ̀mí ara rẹ̀, aya rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1918, òun àti William Monroe Trotter jọ ṣe alága àpérò ńlá ní Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà. Àwọn aṣojú ènìyàn dúdú tún béèrè fún òfin náà. Ìjọba kò dá wọn lóhùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìgbà tí òfin náà jáde fún yín: ọdún 2022 ni. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò láti ọdún 1917. Ọdún 105 ni. Ohun tí ó tọ́ lè pẹ́ kí ó tó dé, ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọdọ̀ kọ́kọ́ béèrè fún un.

6. Òṣùwọ̀n kan náà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn lè sọ òtítọ́ fún ọ̀tá. Èyí tí ó ṣòro ni kí a sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́. Harrison ń fi òṣùwọ̀n kan náà wọn gbogbo ènìyàn.

W. E. B. Du Bois ni ọ̀mọ̀wé tí ó ga jù láàárín àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà nígbà náà. Òun àti Harrison jọ ta ko Washington. Ṣùgbọ́n ní oṣù keje ọdún 1918, Du Bois kọ ọ́ pé kí àwọn ènìyàn dúdú gbàgbé ẹ̀dùn ọkàn wọn títí ogun yóò fi parí. Ní àkókò náà, òun fúnra rẹ̀ ń retí oyè ọ̀gágun nínú iṣẹ́ ọmọ-ogun. Harrison kọ ọ́ sínú Ohùn pé ẹni tí ó bá ń wá ipò lọ́wọ́ ìjọba kò lè sọ ti ìyà àwọn ènìyàn rẹ̀ bí ó ti yẹ. Du Bois kò sì rí oyè náà gbà.

Lẹ́yìn náà ni ti Garvey. Ẹgbẹ́ Garvey ti di ńlá. Ní ọdún 1920, Harrison di olóòtú ìwé ìròyìn rẹ̀, Negro World. Ó tún ìwé náà ṣe. Ó yà ojú ewé sọ́tọ̀ láti máa yẹ ìwé tuntun wò, kí òṣìṣẹ́ lásán lè mọ èyí tí ó dára láti kà. Ìwé ìròyìn náà rìn dé Áfíríkà, ẹgbẹ́ Garvey sì ní ẹ̀ka ní Èkó tiwa níhìn-ín ní ọdún 1920. Ní ọdún yẹn pẹ̀lú, Harrison tẹ ìwé kan jáde, When Africa Awakes, tí ó dá lórí bí àwọn ènìyàn dúdú ti ń jí lójú oorun.

Ṣùgbọ́n Garvey ń gba owó lọ́wọ́ àwọn mẹ̀kúnnù láti fi ra ọkọ̀ ojú omi. Harrison rí i pé ìfọ́nnu nípa àwọn ọkọ̀ náà ju iṣẹ́ wọn lọ, kò sì fẹ́ bí wọ́n ṣe ń ná owó náà. Ó wí i, ó sì kúrò níbẹ̀ nígbà tó yá.

Nítorí náà, kò sí ẹgbẹ́ ńlá kan tí ó kù lẹ́yìn rẹ̀. Washington ní tirẹ̀, Du Bois ní tirẹ̀, Garvey ní tirẹ̀. Harrison ní àpótí rẹ̀.

7. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀

Láti ọdún 1922 dé 1926, ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ ìlú New York gbà á gẹ́gẹ́ bí olùbánisọ̀rọ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí kò ní oyè yunifásítì kankan ni ó ń kọ́ àwọn tí ó ní in. Ní ọdún 1924, ó dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀ fún ìṣọ̀kan àwọn ènìyàn dúdú. Ó sì wà lára ìgbìmọ̀ tí ó ṣètò bí ilé-ìkàwé òpópó 135 ní Harlem ṣe ní ẹ̀ka ìwé àti ìtàn àwọn ènìyàn dúdú ní ọdún 1925. Ẹ̀ka náà ni ó dàgbà di ilé-ìkàwé Schomburg, tí àwọn ènìyàn ń ti gbogbo ayé wá kàwé níbẹ̀ di òní. Ẹ rò ó wò: kò jìnnà sí ìkóríta tí ó ti ń gun àpótí.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1927, àìsàn ìfun tí àwọn dókítà ń pè ní àpẹ́ńdíìsì mú un. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ilé ìwòsàn Bellevue. Kò yè é. Ó kú ní ọjọ́ 17 oṣù náà. Ẹni ọdún 44 ni.

Wọ́n sin ín sí itẹ́ òkú Woodlawn ní New York. Kò sí òkúta tí a kọ orúkọ sí lórí ibojì rẹ̀ títí di ọdún 2014. Ṣùgbọ́n ìdílé rẹ̀ tọ́jú àwọn ìwé tí ó kọ. Ní ọdún 2005, Yunifásítì Columbia gba ìwé wọ̀nyí sí ilé-ìkàwé tirẹ̀. Òpìtàn kan, Jeffrey B. Perry, sì kọ ìtàn ayé rẹ̀ ní ìwé ńlá méjì. Ẹni tí kò ní òkúta ibojì ní ìwé. Bí kò bá kọ nǹkan sílẹ̀, à bá ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá.

8. Ohun tí a rí kọ́

Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe ọ̀gá ilé-ìwé, mo rí ọmọ púpọ̀ tí ó mọ ìwé kà tí kò sì mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò. Ohun tí wọ́n bá ti tẹ̀ sórí ìwé, wọn a ní òótọ́ ni. Harrison kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ka ọ̀rọ̀ kan, a gbé e ka orí ohun tí ojú rẹ̀ rí. Bí méjèèjì bá bára mu, ó gbà. Bí wọn kò bá bára mu, a béèrè, ìbáà jẹ́ ọlọ́lá ni ó sọ ọ́, ìbáà jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Èkejì, kò fi ìmọ̀ rẹ̀ pamọ́. Ohun tí ó kà ní alẹ́ ni ó ń sọ ní ìkóríta ní ọjọ́ kejì. Ẹ̀yin náà, nínú ilé yín tàbí ní ọjà yín, ẹnì kan wà tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà. Bí lẹ́tà bá dé bá a, ẹ kà á fún un bó ti wà gan-an, ẹ má fi kún un, ẹ má yọ kúrò. Bí wọ́n bá ní kí ó tẹ̀ka sí ìwé kan, ẹ bá a ka ìwé náà kí ó tó tẹ̀ka. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà ṣe ń di ojú fún ẹnìkejì rẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó le

Erékùṣù: ilẹ̀ tí omi yí ká.
Ọ̀yà: owó iṣẹ́.
Ìjíròrò: kí ènìyàn púpọ̀ jọ yẹ ọ̀rọ̀ kan wò.
Yanṣẹ́ lódì: kí àwọn òṣìṣẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ títí wọn yóò fi gbọ́ ẹjọ́ wọn.
Olóòtú: ẹni tí ń yan ohun tí yóò wọ inú ìwé ìròyìn, tí ó sì ń tún un ṣe.
Òṣùwọ̀n: ohun tí a fi ń wọn nǹkan.
Òpìtàn: ẹni tí ń wádìí ìtàn tí ó sì ń kọ ọ́.

Ìbéèrè

1. Ní erékùṣù wo ni wọ́n bí Hubert Harrison, ní ọdún wo?
2. Kí ni àwọn òṣìṣẹ́ St. Croix ṣe ní ọdún 1878? Kí ló fà á?
3. Dárúkọ iṣẹ́ mẹ́ta tí Harrison ṣe nígbà tí ó ń lọ sí ilé-ìwé alẹ́.
4. Kí ni Washington sọ ní Yúróòpù ní ọdún 1910? Kí ni Harrison ṣe sí i?
5. Kí ló dé tí Harrison fi Ẹgbẹ́ Sósíálísì sílẹ̀?
6. Ta ni Harrison pè sórí pèpéle ní ṣọ́ọ̀ṣì Bethel?
7. Ṣé ó yẹ kí Harrison kọ lẹ́tà méjì náà, àbí kí ó dákẹ́? Sọ ìdí rẹ.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Ronú nípa ohun kan tí kò dára ní àdúgbò rẹ: bóyá kànga tí ó ti bàjẹ́, bóyá ojú ọ̀nà, bóyá ọjà. Kọ lẹ́tà ìlà mẹ́wàá nípa rẹ̀ sí ìgbìmọ̀ ìlú rẹ. Sọ ohun tí ìwọ fúnra rẹ fi ojú rí, má sọ èyí tí o gbọ́. Kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Lẹ́yìn náà, kọ orúkọ rẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kedere.